Frederick Douglass, Ẹrú Tí Ó Fi Búrẹ́dì Ra Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdọọdún, bí àkókò ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ni a máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ìwé pẹlẹbẹ kan kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó le koko ni ó kún inú ìwé náà, láti orí lẹ́tà A títí dé Z. Ọ̀rọ̀ kan wà ní apá òsì, ìtumọ̀ kan ṣoṣo wà ní apá ọ̀tún. Nínú ọkọ̀ ni o, nídìí ààrò ni o, wọn a máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń pe ọfọ̀. A kò bá wọn wí. Nínú ìdánwò tí àjọ JAMB, tí a dá sílẹ̀ ní 1978, ń ṣe, kò sí ẹni tí ó lè yẹ èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀: ẹni tí yóò kọ́ ìṣègùn, ẹni tí yóò kọ́ òfin, ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, gbogbo wọn ni yóò gba ẹnu ọ̀nà kan náà kọjá.

Ṣùgbọ́n a ti kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ tí a bá gbé mì láìjẹ kì í pẹ́ nínú. Ọmọ tí ó kó igba ọ̀rọ̀ sórí ní ọjọ́ Àìkú lè máà rántí ogún nínú wọn nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ Ẹtì. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé, bí olùdánwò bá fi ọ̀kan nínú wọn sínú gbólóhùn tí ọmọ náà kò rí rí, a dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà pa aṣọ dà, ọmọ náà kò sì ní dá a mọ̀ mọ́.

Nítorí náà, dípò tí a ó fi to ìmọ̀ràn jọ lónìí bí ẹni to igi, a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, tí àṣà ilẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ kí ó mọ ìwé rárá, síbẹ̀ tí ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Frederick Douglass ni orúkọ rẹ̀. Bí ó ti ṣe kó ọ̀rọ̀ jọ ni ó jẹ wá lógún, nítorí ó dá wa lójú pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń múra ìdánwò.

Ní oṣù kejì ọdún 1818 ni a bí i, ní agbègbè Talbot ní ìpínlẹ̀ Maryland. Frederick Augustus Washington Bailey ni orúkọ tí a sọ ọ́. Ẹrú ni Harriet ìyá rẹ̀, òfin ilẹ̀ náà sì ni pé ẹni tí ẹrúbìnrin bá bí, ẹrú ni. Òyìnbó ni a gbọ́ pé bàbá rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi ojú rẹ̀ hàn án. Oko ọ̀nà jíjìn ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ Betsy, ìyá rẹ̀ àgbà, ni ó dàgbà sí. Nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje ni ìyá tí ó bí i lọ́mọ kú. Títí di ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi ayé sílẹ̀, kò mọ ọjọ́ tí a bí i.

Ní 1826, a rán ọmọ náà lọ sí ìlú Baltimore, sí ilé Hugh Auld àti Sophia ìyàwó rẹ̀, kí ó lè máa tọ́jú ọmọ wọn kékeré. Obìnrin yìí kò ní ẹrú rí, ọkàn rẹ̀ kò sì tíì le. Ó rí i pé ọmọ náà ní làákàyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní A, B, D, títí ó fi lè pe ọ̀rọ̀ tí ó ní lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí ọkọ gbọ́, ó fi ìbínú dá iṣẹ́ náà dúró. Ó ní ẹrú tí ó bá mọ ìwé kà kò ṣeé mú lẹ́rú mọ́, pé ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, kò sì ní wúlò fún olówó rẹ̀.

Ọmọdé náà wà níbẹ̀, ó sì gbọ́. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ fún ìyàwó ni òun fi ṣe ìmọ̀ràn fún ara rẹ̀. Bí ohun tí ó ń ba olówó ẹrú lẹ́rù jù lọ bá jẹ́ ìwé, a jẹ́ pé inú ìwé ni kọ́kọ́rọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé òun yóò mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ilé náà pàápàá yí padà, tí ó sì ń já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níbikíbi tí ó bá ti rí i.

Níbo ni yóò ti wá rí olùkọ́? Ní òpópónà ni. Búrẹ́dì kò wọ́n nínú ilé tí ó wà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ òyìnbó tálákà ní àdúgbò náà ni ebi ń pa, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá rán Frederick ní iṣẹ́, a ki búrẹ́dì bọ àpò, a mú ìwé kékeré tí Noah Webster ṣe fún kíkọ́ sípẹ́lì dání, a sì fi eré parí iṣẹ́ tí a rán an, kí àkókò díẹ̀ lè ṣẹ́kù. Yóò fún ọmọ tí ebi ń pa ní búrẹ́dì, ọmọ náà yóò sì pe ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì fún un. Búrẹ́dì ni owó ilé ẹ̀kọ́ tí ó san. Nígbà tí ó dàgbà tí ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò dárúkọ wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà bá wọn wí pé wọ́n kọ́ ẹrú ní ìwé.

Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún méjìlá, ó ti rí sẹ́ńtì 50 kó jọ níbi bàtà tí ó ń kùn fún àwọn ènìyàn. Ó fi owó náà ra ìwé kan tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà nígbà náà, The Columbian Orator, èyí tí Caleb Bingham ṣe jáde ní 1797. Àsọyé àwọn ọlọ́rọ̀ gidi ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín olówó kan àti ẹrú rẹ̀, nínú èyí tí ẹrú náà ro ẹjọ́ tirẹ̀ títí olówó fi dá a sílẹ̀ lómìnira. Frederick kò kà á lẹ́ẹ̀kan kí ó sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kà á, ó tún un kà, títí ó fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé nínú rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí ó ti ń dùn ún nínú láti kékeré, tí kò mọ bí a ti ń sọ ọ́, ìwé yìí ni ó fún un ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́.

A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: ayọ̀ nìkan kọ́ ni ìwé mú bá a. Bí òye rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni ìrora rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí ó ti wá rí ọ̀fìn tí ó wà nínú rẹ̀ kedere, kò sì tíì rí àkàbà tí yóò fi jáde. Nígbà mìíràn, ó a máa ṣe ìlara àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò mọ nǹkankan. Ẹni tí ó bá rò pé eré ni ọmọ yìí ń fi ìwé ṣe, kí ó mọ̀ pé òun gan-an ni iná ń jó.

Ní àkókò yìí ni ó ṣe alábàápàdé ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ń múra ìdánwò fi ara balẹ̀ bá wa lọ sí ìdí rẹ̀. Ó máa ń gbọ́ tí àwọn òyìnbó ń fi ìbínú dárúkọ abolition. Bí ẹrú kan bá sá lọ, bí ẹrú kan bá pa olówó rẹ̀, bí a bá dáná sun abà, wọn a ní iṣẹ́ abolition ni. Frederick gbọ́ ọ gbọ́ ọ, kò yé e. Ó wá ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó ṣí i dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ohun tí ìwé sọ fún un kò ju pé abolition ni ìṣe ẹni tí ó bá abolish nǹkan. Ó dà bí ìgbà tí àlejò béèrè ilé Àkàndé, tí a sì dá a lóhùn pé ilé Àkàndé ni ibi tí Àkàndé ń gbé. Kí ni wọ́n ń fi òpin sí? Ta ni ó ń fi òpin sí i? Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kò sọ. Frederick kò sì lè bi ẹnikẹ́ni léèrè, nítorí ó ti fura pé ọ̀rọ̀ náà kan òun gbọ̀ngbọ̀n, pé bíbéèrè rẹ̀ lè kó òun sí wàhálà.

Kò jù ú nù o. Ó fi í sọ́kàn, ó ń ṣọ́ ọ bí ọdẹ ti ń ṣọ́ ẹran lójú ipa. Ní ọjọ́ kan, ìwé ìròyìn kan ní ìlú náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó kà nínú rẹ̀ pé àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ ìhà àríwá ti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin, pé kí a fi òpin sí ìmúnilẹ́rú ní agbègbè olú-ìlú, àti sí títa ẹrú láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà, abolition, jókòó sí ojú ibi tí ó yẹ ẹ́ nínú ìròyìn yìí. Lójú ẹsẹ̀ ni ó yé e. Bí abolition ti yé e ni abolitionist yé e pẹ̀lú, ìyẹn àwọn tí ń jà kí ìmúnilẹ́rú lè parẹ́. Ó wá mọ̀ pé ní apá ibì kan ní ilẹ̀ náà, àwọn kan wà tí wọ́n ń gbèjà irú òun. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìwé ìròyìn kò lè ṣe aláìyọ̀ nígbàkúùgbà tí a bá rántí pé ìwé ìròyìn ni ó la ọ̀rọ̀ yìí yé e.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. A kò sọ pé kí a má lo ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀. Frederick pàápàá lò ó. Ohun tí a ń sọ ni pé ìtumọ̀ inú ìwé dà bí àpèjúwe ènìyàn: ó lè sọ fún wa pé ó ga, pé ó pupa, ṣùgbọ́n àfi ìgbà tí a bá rí i lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ń jẹ́ sanction. Bí aláṣẹ bá sanction ètò kan, ó fọwọ́ sí i ni. Bí àwọn orílẹ̀-èdè bá gbé sanction lé orílẹ̀-èdè kan lórí, wọ́n ń fi ìyà jẹ ẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtumọ̀ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ìjà kọ ara wọn. Ọmọ tí ó kọ́ ìtumọ̀ kan ṣoṣo láti inú ìwé pẹlẹbẹ, kí ni yóò ṣe bí olùdánwò bá mú èkejì wá? Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní èdè tiwa. Ta ni nínú wa tí ó kọ́ òwe láti inú àkójọ tí a tò láti A dé Y? Àgbà pa á lórí ọ̀ràn kan, ọmọdé wà nítòsí, ó gbọ́. Nígbà tí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, ó mọ̀ pé ibi báyìí ni òwe náà ń gbé.

Kíkà nìkan kọ́ ni Frederick kọ́; ó fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ kọ pẹ̀lú. Nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó ṣe àkíyèsí pé bí àwọn káfíńtà bá gé pákó tán, wọn a kọ lẹ́tà sí i lára láti fi hàn apá ibi tí pákó náà yóò wà. L ni ti apá òsì, S ni ti apá ọ̀tún, F ni ti iwájú, A sì ni ti ẹ̀yìn. Ó mọ lẹ́tà mẹ́rin yìí kọ dáadáa. Lẹ́yìn náà, bí ó bá pàdé ọmọ tí ó mọ̀wé kọ, a fọ́nnu pé òun náà mọ̀ ọ́n kọ tó o. Ọmọ náà a ní kí ó kọ ọ́ kí òun rí i, Frederick a kọ mẹ́rin rẹ̀, ọmọ náà a sì fi ìdíje kọ èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí ni ó ṣe ń gba lẹ́tà tuntun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń kọ́ni. Ọgbà, ògiri àti ojú títì ni ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni gègé rẹ̀. Nígbà tí ó yá, bí ìyá ilé bá lọ sí ìpàdé ìjọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, a mú ìwé ìkọ̀wé àtijọ́ tí ọmọ ilé náà ti kọ tán, a sì máa fara wé e nínú àlàfo tí ó ṣẹ́kù. Ó gbà á ní ọdún púpọ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n kọ bí ó ti tọ́.

Ní 1833, a dá a padà sí ìgbèríko. Ní 1834, a fi í yá Edward Covey, ọkùnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn pé ó mọ bí a ti ń fọ́ ọkàn ẹrú tí orí rẹ̀ bá le. Fún oṣù mẹ́fà ni ó ń nà án, tí ó sì ń fi iṣẹ́ pa á, tó bẹ́ẹ̀ tí ìfẹ́ ìwé fi kú nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kọ̀; wọ́n wọ ìjàkadì fún nǹkan bí wákàtí méjì, Covey kò sì gbé pàṣán sí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọkàn tí ó ti kú jí. Ní ọdún kejì, ní oko ẹlòmíràn, ó kó àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní ọjọ́ Ìsinmi, ó ń kọ́ wọn ní ìwé ní ìkọ̀kọ̀. Ní àkókò kan, wọ́n ju ogójì lọ. Ẹgba ni yóò jẹ́ èrè olúkúlùkù bí a bá mú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń wá. Ẹni tí ó bá kọ́ni mọ̀ pé kò sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi ń wọ̀ wá lára tó kí a fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ní 1836, òun àti díẹ̀ nínú wọn gbèrò láti sá lọ. Frederick fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé àṣẹ fún olúkúlùkù, bí ẹni pé olówó wọn ni ó kọ ọ́. Ẹnìkan tú wọn fó, a sì mú wọn. Frederick ju tirẹ̀ sínú iná. Ó ní kí àwọn yòókù fi bísíkíìtì jẹ tiwọn. Wọ́n jẹ ẹ́, kò sì sí ẹ̀rí tí a fi lè dá wọn lẹ́bi. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ tí ó kọ́ lẹ́tà mẹ́rin lára pákó ọkọ̀ ni ó wá ń kọ lẹ́tà tí ó lè sọ ẹrú di òmìnira.

A dá a padà sí Baltimore, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ dídí ojú pákó ọkọ̀ kí omi má baà wọlé. Níbẹ̀ ni ó ti mọ Anna Murray, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1838, ó wọ aṣọ atukọ̀, ó yá ìwé àwọn atukọ̀ lò, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, kò sì tó ọjọ́ kan tí ó fi dé New York. Anna wá bá a, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 15 oṣù náà, wọ́n sì kọjá lọ sí ìlú New Bedford ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Níbẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Douglass, kí àwọn tí ń wá ẹrú tí ó sá lọ má baà rí i.

Ẹni tí ó bá ń sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun rí àyè kàwé, kí ó gbọ́ èyí. Ní New Bedford, ó ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń rọ idẹ, òun ni ó sì ń ti ẹwìrì tí a fi ń fín iná, lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀, nínú ooru. Ó fi ìṣó kan ìwé ìròyìn mọ́ òpó tí ó wà níwájú rẹ̀, ó ń kà á bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba The Liberator, ìwé ìròyìn tí William Lloyd Garrison fi ń gbógun ti ìmúnilẹ́rú. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni ó ń rí bí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń to ọ̀rọ̀ láti fi ro ẹjọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1841, ní ìpàdé kan ní erékùṣù Nantucket, a ní kí ó dìde sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n bí ó ti sọ̀rọ̀, ọkàn gbogbo ènìyàn gbọgbẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti ìmúnilẹ́rú gbà á sí iṣẹ́ pé kí ó máa lọ láti ìlú dé ìlú. Níbí ni ọ̀ràn tí ó ya ni lẹ́nu ti ṣẹlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irọ́ ni ó ń pa, pé kò sí ẹni tí ó ṣe ẹrú rí tí ó lè sọ̀rọ̀ báyẹn. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jẹ́ kí èdè oko díẹ̀ máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ rìn, kí a lè gbà á gbọ́. Ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó fi búrẹ́dì rà, tí ó fi ewu ẹgba kó jọ, kò rí ìdí tí òun yóò fi sọ ọ́ nù kí ó lè bá èrò ẹlòmíràn mu.

Dípò bẹ́ẹ̀, ní 1845, ó kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, ó sì dárúkọ olówó rẹ̀, oko àti ìlú tí ó ti sìn. Ẹnu àwọn oníyèméjì wọhò, ṣùgbọ́n ewu dé, nítorí a lè wá mú un padà. Ó sá lọ sí Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 1846, àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ní níbẹ̀ dá owó jọ, wọ́n san pọ́n-ùn 150 fún olówó rẹ̀, ó sì di òmìnira lábẹ́ òfin. Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà ní 1847, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Rochester, ó sì pè é ní The North Star, nítorí ìràwọ̀ ìhà àríwá ni àwọn ẹrú tí ń sá lọ ní òru ń wò láti mọ ọ̀nà.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, ó ké sí àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n gba ìbọn. Méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ológun. Ní 1863, ó lọ bá Ààrẹ Lincoln lójúkojú láti gbèjà ẹ̀tọ́ wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1865, a fi àtúnṣe kẹtàlá sínú òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìmúnilẹ́rú sì parẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé kan wá títí nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yé e ti di òfin ilẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn tí ó mú un ṣẹ.

Ìjọba fi í sí ipò ọlá lẹ́yìn náà. Láti 1889 títí di 1891, òun ni aṣojú Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Haiti. Ó sùn nínú Olúwa ní ilé rẹ̀ ní Washington ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1895, lẹ́yìn tí ó ti ibi ìpàdé àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin dé.

Kí ni a rí kọ́? Èkínní, ẹ̀yin tí ń múra ìdánwò, ẹ má ṣe kó ọ̀rọ̀ jọ láìsí gbólóhùn tí ó bí i. Bí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ kọ gbogbo gbólóhùn náà sílẹ̀, ẹ rò ó wò fúnra yín kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn tiyín. Márùn-ún lójúmọ́ báyìí sàn ju igba lọ ní òru ọjọ́ kan. Èkejì, ẹ mú ìwé kan tí ó dára, kí ẹ tún un kà títí yóò fi di tiyín, bí Douglass ti ṣe sí èyí tí ó fi sẹ́ńtì 50 rà. Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ẹbí ọ̀rọ̀: ẹni tí ó mọ abolish ti mọ abolition àti abolitionist, bí ó bá wo ìdí àti ìrù wọn. Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín pẹ̀lú. Ẹ má ṣe rò pé owó tí ẹ fi ra ìwé pẹlẹbẹ tó. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìròyìn àti ìwé ìtàn wà nílé, kí ọmọ sì rí i pé ẹ̀yin náà ń kà á. Bí ọmọ bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe fi ìbínú lé e; ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni Frederick kò rí ẹni bi nípa rẹ̀, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiwa tí a bí ní òmìnira.

Ìdánwò tí a mọ oṣù rẹ̀ kì í ṣe ìjàǹbá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kò sí ẹni tí ó fi òfin de àwọn ọmọ wa kí wọ́n má kàwé, kò sì sí ẹni tí yóò na wọ́n ní ẹgba bí a bá bá ìwé lọ́wọ́ wọn. Bí ẹrú bá lè fi búrẹ́dì kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́yọ lẹ́yọ títí ó fi fi wọ́n dojú ìjà kọ ìmúnilẹ́rú, ọmọ tí ó ní àyè, tí ó sì ní ìmọ́lẹ̀, kò ní àwáwí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan, nínú gbólóhùn kan.